Ṣé ìhùmọ̀ fuel cell yìí hàn gbangba? Bí a ṣe ń gbé e yẹ̀wò lábẹ́ òfin pátẹ́ńtì Amẹ́ríkà

Ìhùmọ̀ lè jẹ́ tuntun pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣe irú rẹ̀ rí, kí ọ́fíìsì pátẹ́ńtì sì tún dá a padà. Ohun tó sábà máa ń fa èyí ni abala 103 nínú òfin pátẹ́ńtì Amẹ́ríkà, tó ti wà nínú ìwé òfin láti 1952. Abala náà kò béèrè bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun. Abala 102 ló ń rí sí ìyẹn. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ìyàtọ̀ tó wà láàárín nǹkan náà àti ohun tí ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ irú èyí tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lásán nínú iṣẹ́ náà ì bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìhùmọ̀ náà hàn gbangba, kò sì sí pátẹ́ńtì fún un.

Nínú iṣẹ́ fuel cell, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi haidirójìn àti ọ́síjìn mú iná mànàmáná jáde, ìbéèrè yìí le ju bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ. Àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà ti dàgbà. William Grove ti fi haidirójìn àti ọ́síjìn mú iná mànàmáná jáde ní 1839. Thomas Grubb ní ilé iṣẹ́ General Electric lo awọ oníke tó ń gba ion kọjá ní 1955. Francis Bacon gbé èyí tó ń mú kílówáàtì 5 wá han ayé ní 1959, nígbà tó sì di 1965, fuel cell ti wà nínú ọkọ̀ Gemini lójú òfurufú. Nítorí náà ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan gbé ẹ̀yà tí ojú kò rí rí wá. Àkópọ̀ tuntun ni wọ́n máa ń gbé wá, tàbí ìwọ̀n tí wọ́n tún ṣe. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú fuel cell, ohun kan kì í yí padà kí ìyókù dúró jẹ́ẹ́. Ẹ dín omi kù, awọ á gbẹ. Ẹ fi omi kún un, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà á dí. Orí ìsopọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn nípa ìhùmọ̀ fuel cell ti ń wáyé, mo sì gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí àyẹ̀wò wa pẹ́ sí jù.

Fún ẹni tí kò tíì sún mọ́ ẹ̀rọ náà: nínú irú tí wọ́n ń pè ní PEM, haidirójìn wọlé ní ẹ̀gbẹ́ ánóòdù, pílátínọ́ọ̀mù tú u sí pírótọ́ọ̀nù àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Pírótọ́ọ̀nù gba inú awọ kọjá, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gba ojú wáyà lọ gẹ́gẹ́ bí iná, àwọn méjèèjì sì pàdé ọ́síjìn ní kátóòdù, wọ́n di omi. Sẹ́ẹ̀lì kan kì í sábà ju fóòtì 0.6 sí 0.7 lọ lẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò fi 1.23 sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to ọ̀pọ̀ lérí ara wọn. Ooru rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 60 sí 80°C. Irú SOFC, tó jẹ́ ti sẹ̀rámíìkì, ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 600 sí 1000°C. Ẹ fi ìyàtọ̀ ooru yìí sọ́kàn, yóò wúlò níwájú.

Kíléèmù tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Kí ọ̀rọ̀ má baà rìn lófuurufú, ẹ jẹ́ ká fi inú ro kíléèmù kan, ìyẹn gbólóhùn tó sọ ohun tí olùhùmọ̀ fẹ́ gba pátẹ́ńtì lé lórí, ká sì gbé e dé òpin. Ó kà báyìí: "Fuel cell irú PEM kan, èyí tí ìpele oníhò wíńníwínní tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kátóòdù rẹ̀ ní PTFE tó jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ìpele náà níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àti ìdá 25 sí 30 níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde." PTFE ni èròjà tí omi kì í lẹ̀ mọ́, bó bá ṣe pọ̀ tó ni ìpele náà ṣe ń lé omi tó.

Olùyẹ̀wò ní ọ́fíìsì pátẹ́ńtì rí ìwé mẹ́ta. Ìwé A ní sẹ́ẹ̀lì kan náà gan-an, àmọ́ PTFE rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 látòkè délẹ̀. Ìwé B fi hàn pé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé máa ń gbẹ, omi sì máa ń kó jọ sí ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ìwé C dán onírúurú ìwọ̀n PTFE wò, ó sì sọ pé bí PTFE ṣe ń pọ̀ sí i ni omi ń tètè kúrò, ṣùgbọ́n pé bó bá pọ̀ jù, iná kì í rìn dáadáa nínú ìpele náà mọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka kíléèmù, ẹ fi ìtàn sílẹ̀

Kíléèmù ni gbólóhùn tó fi ààlà sí ohun tí olùhùmọ̀ ń bèèrè, òun nìkan sì ni à ń dá lẹ́jọ́. Ìwé ìbéèrè lè kún fún àwòrán àti àlàyé nípa bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe jí dìde láti inú yìnyín, ìyẹn bó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn tí omi inú rẹ̀ ti dì. Bí kíléèmù kò bá mẹ́nu kan yìnyín, àlàyé yẹn nìkan kò lè mú kí kíléèmù náà dín kù sí ọ̀rọ̀ yìnyín. Ọ́fíìsì pátẹ́ńtì sì máa ń ka ọ̀rọ̀ kíléèmù ní ọ̀nà tó gbòòrò jù lọ tó ṣì bọ́gbọ́n mu.

Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ kọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣe é tán, ohun tí kò sí níbẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí hàn. Nínú àpẹẹrẹ wa, kò sí ọ̀rọ̀ nípa bí ìdá 15 ṣe di 25: ṣé díẹ̀díẹ̀ ni àbí lójijì? Ìtumọ̀ èyí ni pé méjèèjì wà nínú rẹ̀, ìwé tó bá sì fi ọ̀kankan hàn ti kan kíléèmù náà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ dúró sórí rẹ̀

Fún ìwé ìbéèrè tó wà lábẹ́ òfin tuntun, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 16 Oṣù Kẹta 2013, ọjọ́ tí a ń wò ni ọjọ́ ìfìwésílẹ̀ tó kọ́kọ́ ti kíléèmù náà lẹ́yìn. Ohun tó jáde lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kì í ṣe ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá (ohun tí ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí a ń fi ìhùmọ̀ wé), àfi ìwé ìbéèrè ẹlòmíràn tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ́dọ̀ọ́ ọ́fíìsì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló jáde. Ohun tí olùhùmọ̀ fúnra rẹ̀ gbé síta láàárín ọdún kan ṣáájú ọjọ́ náà kì í pa á lára ní Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ fuel cell fẹ́ràn ìpàdé ìjìnlẹ̀ púpọ̀, páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri níbẹ̀ sì lè di ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá bíi ti ìwé àkọọ́lẹ̀ èyíkéyìí. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun mìíràn lọ́wọ́ olùhùmọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ta ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lásán yìí?

Ẹni àfinúrò ni. Òfin gbà pé ó mọ gbogbo ìwé tó kan iṣẹ́ náà, èyí tí kò sí ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe arínúróde àrà ọ̀tọ̀. Nínú ẹjọ́ KSR àti Teleflex ní 2007, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ẹni yìí ní ìwọ̀n àtinúdá tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ lé àṣẹ lásán. Ó lè so ìwé kan pọ̀ mọ́ òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú fuel cell, ó dára kí ẹ rò ó bí ẹgbẹ́ kékeré kan: onímọ̀ kẹ́míkà iná, onímọ̀ nípa ohun èlò, àti ẹnjiníà tó mọ bí afẹ́fẹ́ àti ooru ṣe ń rìn. Ẹ kọ ìpele ẹ̀kọ́ àti ìrírí wọn sílẹ̀ ní gbólóhùn méjì. Bí ẹ bá gbé e ga jù, gbogbo nǹkan á hàn gbangba. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù, kò sóhun tí yóò hàn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kó ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá jọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìsọ̀rí pátẹ́ńtì H01M 8, tó jẹ́ ilé fuel cell gan-an, kí ẹ sì wọ H01M 4/86 fún ẹlẹ́kitiróòdù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá sí C25B, níbi tí àwọn ẹ̀rọ tó ń fi iná tú omi sí haidirójìn àti ọ́síjìn wà, nítorí pé awọ, pílátínọ́ọ̀mù àti ìṣòro ìpẹtà inú wọn jọra. Ẹ má ṣe wá nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ilé iṣẹ́ Japan ti kọ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Oṣù Kìíní 2015, Toyota nìkan kéde pé àwọn fẹ́ jẹ́ kí àwọn mìíràn lo nǹkan bí pátẹ́ńtì fuel cell 5,680 láìgba owó. Àwọn ìjábọ̀ tí ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ń gbé síta lọ́dọọdún lórí iṣẹ́ haidirójìn náà ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ olùwádìí sì máa ń gbàgbé wọn.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ni a lè lò. Ìwé kan gbọ́dọ̀ wá láti inú iṣẹ́ kan náà, tàbí kó jẹ́ pé ó kan ìṣòro tí olùhùmọ̀ ń yanjú débi pé ẹni tó ní ìṣòro náà ì bá yà sí i. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó. Ìwé nípa awọ tí àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ń lò láti fi omi iyọ̀ ṣe kilorínì lè wọlé fún ìṣòro awọ PEM, nítorí irú awọ kan náà, Nafion, ti ṣiṣẹ́ ní ibi méjèèjì. Àmọ́ ìwé nípa gíláàsì tí wọ́n fi ń dí ẹ̀gbẹ́ SOFC ní 800°C, ṣé ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi dí ẹ̀gbẹ́ PEM ní 80°C yóò yà síbẹ̀? Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì, nítorí náà ìwé náà lè wọlé. Pé ó wọlé kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni á lò ó.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀

Ìgbésẹ̀ kúkúrú ni. Ẹ yan ìwé tó sún mọ́ kíléèmù jù, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ èyí tó ṣẹ́kù. Nínú àpẹẹrẹ wa, Ìwé A ló sún mọ́ ọn jù, ohun tó sì ṣẹ́kù ni pé PTFE kì í ṣe ìdá 20 níbi gbogbo mọ́, ó kéré ní àbáwọlé, ó pọ̀ ní àbájáde. Ìṣọ́ra kan ṣoṣo: òfin sọ pé kíléèmù lápapọ̀ ni kí a dá lẹ́jọ́. Ìyàtọ̀ náà kàn jẹ́ ká mọ ibi tí a ó ti máa béèrè ìdí ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá ìdí, kí ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá alátakò sọ̀rọ̀

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Kò tó láti sọ pé gbogbo ẹyọ wà nínú ìwé kan tàbí òmíràn. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yẹn fi máa fẹ́ so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi máa retí pé yóò ṣiṣẹ́. Federal Circuit, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ pátẹ́ńtì ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Kahn ní 2006 pé ìparí ọ̀rọ̀ lásán kò tó, ìdí tó ní ìpìlẹ̀ ló ń jẹ́ ìdí, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jùlọ sì gbà bẹ́ẹ̀ nínú KSR. MPEP, ìwé ìtọ́ni tí àwọn olùyẹ̀wò ń lò, to irú ìdí bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà méje ní abala 2143. N kò ní tò wọ́n síbí. Mẹ́ta ló sábà máa ń jáde nínú fuel cell.

Èkíní ni kíkó ohun méjì tí a mọ̀ jọ, kí ìkọ̀ọ̀kan sì máa ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ gáàsì CO (kábọ́ọ̀nù mónọ́síàìdì) yẹ̀wò. Kódà ìwọ̀n 10 rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan lè jókòó sórí pílátínọ́ọ̀mù ánóòdù kó sì mú kí sẹ́ẹ̀lì rọ ní 80°C. Ọ̀nà méjì tó ti pẹ́ wà fún un: kí a po ruténíọ́ọ̀mù mọ́ pílátínọ́ọ̀mù, tàbí kí a fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí haidirójìn kí ọ́síjìn rẹ̀ lè jó CO náà kúrò, èyí tí àwọn olùwádìí ní Los Alamos, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà kan, gbé jáde ní 1988. Bí ẹnìkan bá wá bèèrè pátẹ́ńtì lórí lílo méjèèjì pọ̀, ìdí ti wà nílẹ̀: ìṣòro kan náà ni wọ́n ń yanjú. Ó di dandan kó fi hàn pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì tí àròpọ̀ wọn lásán kò lè sọ.

Èkejì ni fífi ohun kan rọ́pò òmíràn tí a mọ̀ pé ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀kẹta ni ohun tó hàn gbangba láti dán wò, ìyẹn nígbà tí ìṣòro kan wà nílẹ̀, tí ọ̀nà àbáyọ tí a mọ̀ sì níye, tí èsì wọn sì ṣeé fojú sọ́nà fún. Àwọn olùyẹ̀wò máa ń yára di èyí mú. Ẹ bi wọ́n léèrè: mélòó ni ọ̀nà náà? Àdàlù mẹ́táàlì tí a lè fi ṣe kátóòdù kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ fi ń rìn lórí páálí tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, bóyá tààrà, bóyá yíyí bí ejò, bóyá èyí tí ẹnu rẹ̀ dí, ìyẹn ṣeé kà.

Ìfẹ́ láti ṣe nǹkan nìkan kò tó. Ìtàn pílátínọ́ọ̀mù fi èyí hàn kedere. Láti ìgbà Gemini ni gbogbo ènìyàn ti fẹ́ dín in kù nítorí owó rẹ̀, síbẹ̀ nǹkan bíi mílígíráàmù 4 ní sẹ̀ǹtímítà onígun kan ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ṣì ń lò títí di àárín àwọn ọdún 1980. Ní ìparí ọdún mẹ́wàá yẹn, àwọn ará Los Alamos da oje Nafion sínú ẹlẹ́kitiróòdù kí pírótọ́ọ̀nù lè dé ibi tí pílátínọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìwọ̀n náà sì bọ́ sí nǹkan bíi 0.4. Ìdí láti dín in kù ti wà tẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà tí ènìyàn lè retí pé yóò gbé e débẹ̀. Nítorí náà, bí olùyẹ̀wò bá kọ pé "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á fẹ́ dín owó kù", ìdajì ìdáhùn ló kọ.

Ẹ wàyí, ẹ padà sí kíléèmù wa. Ìwé B sọ ibi tí omi pọ̀ sí àti ibi tó kéré sí. Ìwé C sọ pé PTFE ló ń darí omi. Ẹni tó ka méjèèjì, tí Ìwé A sì wà níwájú rẹ̀, ní ìdí láti fi PTFE púpọ̀ síbi tí omi pọ̀ sí, kó sì dín in kù síbi gbígbẹ. Ìdí náà lágbára. Bó bá jẹ́ èmi ni olùyẹ̀wò, màá kọ̀wé kọ kíléèmù yìí lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àmọ́ ṣé ó máa retí pé yóò ṣiṣẹ́? Ibí ni agbẹjọ́rò olùhùmọ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò fi ẹnu kò lórí ohun tí ìpele oníhò yẹn ń ṣe sí omi gan-an: àwọn kan ní ó ń lé omi jáde sí ọ̀nà afẹ́fẹ́, àwọn mìíràn ní ó ń tì í padà gba inú awọ lọ sí ánóòdù. Bí ti àwọn kejì bá jẹ́ òótọ́, fífi PTFE kún un ní àbájáde lè da omi ánóòdù rú. Bó bá lè fa irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, tó sì ní ọjọ́ tó tọ́, ìrètí pé yóò ṣiṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ìrètí tó bọ́gbọ́n mu ni òfin ń béèrè, kò béèrè ìdánilójú, nítorí náà mímì nìkan lè má tó. Ṣùgbọ́n irú àríyànjiyàn tó yẹ kó wáyé nìyẹn, dípò kí a máa jiyàn nípa bóyá ìhùmọ̀ náà gbọ́n.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí kíléèmù bá dúró lórí nọ́ńbà

Ọ̀pọ̀ kíléèmù fuel cell ni kò ní ju nọ́ńbà lọ: ìnípọn awọ, ìwọ̀n pílátínọ́ọ̀mù, ooru, ìdá PTFE. Òfin tó ń darí èyí ti pẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ Aller ní 1955, ìwé àtẹ̀yìnwá ṣe iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní 100°C pẹ̀lú ásíìdì ìdá 10. Olùhùmọ̀ bèèrè 40 sí 80°C pẹ̀lú ásíìdì ìdá 25 sí 70. Ilé ẹjọ́ ní wíwá ìwọ̀n tó dára jù nípa ìdánwò ojoojúmọ́ kì í ṣe ìhùmọ̀. Bí nọ́ńbà yín bá sì wọ inú nọ́ńbà tí ìwé àtẹ̀yìnwá ti sọ, ọ̀rọ̀ Peterson ní 2003 fi hàn pé ẹrù ìdáhùn ti dé ọrùn yín.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Ẹ lè fi hàn pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun tí ẹ ń yí padà ní ipa lórí èsì, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú ọ̀rọ̀ Antonie ní 1977, níbi tí ìwé àtẹ̀yìnwá kò ti rí i pé bí táǹkì ṣe tóbi tó ní ìfiwéra pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ tó ń fọ omi ìdọ̀tí mọ́ ló ń pinnu iṣẹ́ rẹ̀. Tàbí kí ẹ fi hàn pé àárín nọ́ńbà yín ń mú èsì tí ẹnikẹ́ni kò retí wá. Fún àpẹẹrẹ wa, ọ̀nà kìíní ti dí, nítorí Ìwé C ti sọ pé PTFE ní ipa lórí omi. Ọ̀nà kejì ló kù.

Ìgbésẹ̀ 8: Ṣé ìwé àtẹ̀yìnwá kìlọ̀?

Ẹjọ́ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kẹ́míkà iná mọ̀ ni United States àti Adams, tí Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jùlọ dá ní 1966. Adams fi magnẹ́síọ́ọ̀mù àti kọ́pà kílóráìdì ṣe bátìrì tí omi lásán ń jí. Ìjọba ní ó kàn fi àwọn ohun tí a mọ̀ rọ́pò ara wọn ni. Ilé ẹjọ́ wo ohun tí ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá sọ: pé bátìrì tó ń jẹ ara rẹ̀ nígbà tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ń gbóná lẹ́nu iṣẹ́, kò wúlò, àti pé bátìrì olómi kì í ṣe dáadáa àfi pẹ̀lú èròjà tó ń ba magnẹ́síọ́ọ̀mù jẹ́. Adams ní láti kọ etí dídi sí ìkìlọ̀ méjèèjì kó tó débi tó dé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò tilẹ̀ gbà á gbọ́ nígbà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ó jàre.

Ìkìlọ̀ ní ìwọ̀n. Pé ìwé kan fẹ́ràn ọ̀nà kan ju òmíràn lọ kì í ṣe ìkìlọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ páálí irin. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ sọ pé irin aláìpẹtà ń tú ion sílẹ̀ tó ń ba awọ jẹ́, wọ́n sì yan gíráfáìtì. Àmọ́ àwọn ìwé kan náà ń yin irin pé a lè ṣe é fẹ́lẹ́ ju gíráfáìtì lọ, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ka èyí kì í sá fún irin. Ohun tí yóò fi kùn ún ló ń wá. Nítorí náà ẹ ka ìwé náà tán. Gbólóhùn kan tí a já láti àárín rẹ̀ kì í fìdí ìkìlọ̀ múlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ̀rí láti ìta

Nínú ẹjọ́ Graham àti John Deere, tí wọ́n dá lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti Adams, ilé ẹjọ́ to ohun mẹ́ta tí a gbọ́dọ̀ mọ̀: ohun tí ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá ní, ìyàtọ̀, àti ìpele akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ ẹ̀rí tó wá láti ìta: ọjà tó tà, àìní tó ti pẹ́ láìrí ojútùú, ìkùnà àwọn mìíràn. Nínú fuel cell, mi ò gbọ́kàn lé ọjà títà. Ẹni tó ra ọkọ̀ lè ti rà á nítorí ìrànwọ́ ìjọba tàbí nítorí orúkọ ilé iṣẹ́, kì í ṣe nítorí PTFE, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ so mọ́ ohun tí kíléèmù sọ.

Èsì tí ẹnikẹ́ni kò retí ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Ẹ fi wé ìwé tó sún mọ́ ọn jù. Fún wa, Ìwé A ni, pẹ̀lú PTFE ìdá 20, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì tí kò ní PTFE rárá. Ẹ dán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà nọ́ńbà yín wò, àti inú àti ìta, torí pé ẹ̀rí ibì kan ṣoṣo kò lè gbé àyè tó gbòòrò. Kí ẹ sì sọ ohun tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ì bá retí kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ rí. Bí fóòtì bá kàn fi díẹ̀ gòkè, olùyẹ̀wò á ní ìyẹn gan-an ni Ìwé C sọ. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ṣì ń jí láti inú yìnyín lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà, nígbà tí ti Ìwé A ń fọ́, ìyẹn kì í ṣe púpọ̀ sí i nínú ohun kan náà mọ́. Irú mìíràn ni.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan

Ẹ̀rí ìta kì í ṣe ohun tí a ń wò lẹ́yìn tí a bá ti pinnu tán. Ó wà lórí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìyókù. Kí ẹ tó kọ ìpinnu, ẹ yẹ ara yín wò fún ọgbọ́n ẹ̀yìn-ọ̀rọ̀, torí ìhùmọ̀ dà bí àlọ́ àpamọ̀: bí wọ́n bá ti sọ ìdáhùn, olúkúlùkù á ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí mo fi ń ṣe é ni pé màá bo kíléèmù mọ́lẹ̀, màá fi ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan síwájú, màá sì kọ ohun tí ẹni tí kò rí kíléèmù rí yóò ṣe lẹ́yìn tó bá kà wọ́n tán. Bí mo bá nílò láti yọjú wo kíléèmù kí n tó mọ ìgbésẹ̀ tó kàn, ìdí tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní Yúróòpù, ìbéèrè kan náà wà lábẹ́ Abala 56 ti àdéhùn pátẹ́ńtì wọn, wọ́n sì ní ìlànà tó le díẹ̀: ẹ mú ìwé tó sún mọ́ ọn jù, ẹ sọ ìṣòro tí ìyàtọ̀ náà yanjú ní ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí ẹ wá béèrè bóyá akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ *ì bá* ṣe é, kì í ṣe bóyá ó *lè* ṣe é. Mo gba ẹni tó ń ṣe ti Amẹ́ríkà pàápàá nímọ̀ràn pé kó fi ìbéèrè yẹn dán ìdí rẹ̀ wò.

Kíléèmù kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́jọ́ tirẹ̀. Bí kíléèmù kìíní wa bá ṣubú, èyí tí ẹ̀rí ìjí láti inú yìnyín lè gbà là ni kíléèmù kejì, bó bá wà, tó sọ pé sẹ́ẹ̀lì náà ní ẹ̀rọ ìdarí tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbẹ lé omi jáde kí ooru tó lọ sísàlẹ̀ òdo, tí ó sì sọ ibi tí ìpààlà PTFE méjèèjì wà. Ìyàtọ̀ tuntun nìyẹn sí Ìwé A. Ẹ mú un padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún.